Àṣàkẹ́, Ṣé O Ṣì Ń Gbàdúrà?

Kubwa, Àbújá

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Láti ìgbà Àjíǹde ni mo ti ń pè ọ́, fóònù rẹ á dún títí, o kò ní gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo rí i pé o kà á, nítorí àmì méjèèjì ti di búlúù, síbẹ̀ o kò fèsì. Bàbá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ẹni tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé kì í ráyè. Mo ní ìwé wo ni ènìyàn ń kà tí kò ní lè tẹ "Mọ́mì, mo wà"? Àbí ìwé náà ló ní kí o má dá ìyá rẹ lóhùn?

Má bínú. Kò wù mí kí n fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ tí kò jẹ́ kí n sùn. Ìyàwó alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú tí o wà. Nígbà tó dé, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun béèrè rẹ lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ibẹ̀, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ọ nílé Ọlọ́run. Ó ní ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo fi ẹnu ara rẹ sọ pé o kò mọ̀ mọ́ bóyá o ṣì wà nínú ìgbàgbọ́. Mo ní irọ́ ni, iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè lórí, n kò tú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nítorí náà, dá mi lóhùn bí ọmọ ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn: ṣé o ṣì ń gbàdúrà?

Mi ò tíì bi ọ́ ní ti ṣọ́ọ̀ṣì o. A ó dé ibẹ̀. Àdúrà ni mo bi ọ́, ìwọ nìkan nínú yàrá, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ọ́.

Ilé wà dáadáa. Wọ́n ní kí bàbá rẹ dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó gbà, àmọ́ mo ká a mọ́ ìdí mai súyà ní ìkóríta. Omi ẹ̀rọ kò yọ, àwọn mairuwa sì ti tún owó gálọ́ọ̀nù gbé sókè. Àbúrò rẹ ti gba iṣẹ́ ní Mìnà, ó máa ń wálé ní ìparí oṣù, ó ti sanra díẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ti dá aṣọ tuntun, àwọ̀ rẹ̀ kò wù mí. Àǹtí Kékeré kí ọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pọ̀, n óò dé orí rẹ̀.

Ṣé o rántí alẹ́ tí o sọ fún wa pé sàíkọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn, lo fẹ́ lọ kà? Iná ti lọ, a jókòó síta, bàbá rẹ ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí mo ń ṣe NCE, wọ́n kọ́ wa ní ti Pavlov àti ajá rẹ̀ tó ń da itọ́ bó bá ti gbọ́ ohùn tó mọ̀ mọ́ oúnjẹ, wọ́n kọ́ wa ní ti Piaget àti bí ọmọdé ṣe ń ronú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ó wúlò fún mi ní kíláàsì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a dé orí Freud, dókítà ọkàn ará Austria, tí wọ́n ní ó kọ̀wé ní 1927 pé ẹ̀tàn ọkàn ni ìsìn, pé ènìyàn tó ń wá bàbá tí yóò dáàbò bò ó ló dá Ọlọ́run sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, mo pa ìwé dé. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà ń kó ènìyàn lọ.

Ìwọ lo là mí lóye. O ní lóòótọ́ ọdún 1879 ni Wundt ṣí yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, tí ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí ka ìmọ̀ náà mọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n pé ní nǹkan bí ọdún 400 ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà, ti ń yẹ inú ara rẹ̀ wò níwájú Ọlọ́run, ohun tó ń rántí, ohun tó ń fẹ́ tí kò yẹ kó fẹ́, ẹkún tó sun nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. O ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ́ni ní méjèèjì pọ̀, pé Fuller ní California ti dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ láti 1965, Rosemead wà lábẹ́ Biola, Wheaton wà ní Illinois. Ènìyàn á ka ìwé nípa ọpọlọ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, á tún ka ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, á sì máa jókòó ti àwọn aláìsàn lójú ẹni tó jù ú lọ nínú iṣẹ́ náà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dá ṣáká. Ó dùn lẹ́nu rẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ gbà, ó ta ilẹ̀ wa tó wà ní Gwagwalada. N kò sọ èyí láti fi gbèsè kọ́ ọ lọ́rùn. Ilẹ̀ ni, ọmọ ni ìwọ.

O tún sọ fún wa pé àwọn Kristẹni fúnra wọn kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Pé Jay Adams, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1970 pé Bíbélì ti tó fún ìmọ̀ràn ọkàn, pé kí àwọn pásítọ̀ má fi iṣẹ́ wọn lé àwọn onísàíkọ́lọ́jì lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní òtítọ́ níbikíbi tí a bá ti rí i, ti Ọlọ́run ni, kí a mú un. Mo ní Adams ni mo tẹ̀lé. O ní, "Mọ́mì, òun náà gbà pé àìsàn ara wà tó jẹ́ ti dókítà." Mo ní ó dáa, àmọ́ òun ni mo tẹ̀lé. Ohùn mi le, bàbá rẹ sì wò mí. O kò mọ ìdí tí ohùn mi fi le lọ́jọ́ náà. Ìwọ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Ṣáájú Àjíǹde, o fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. O ní, "Mọ́mì, nígbà tí Àǹtí Kékeré wà nílé àdúrà ní Kàdúná, ta ló ní kí wọ́n dè é?" Èmi náà kà á, Àṣàkẹ́. Àmì tèmi náà di búlúù. N kò fèsì. Mo fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni pé ó lè bú gbàù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni o dákẹ́, èmi ni mo sì kọ́kọ́ dákẹ́. Mo ti ń bú ọ láti òkè lẹ́tà yìí fún ohun tí èmi gan-an bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi, Àǹtí Kékeré rẹ, bí ọmọ rẹ̀ ní Kánò. Ìyá wa ti kú, ọkọ rẹ̀ sì máa ń rìnrìn àjò, ló ṣe kó wá sọ́dọ̀ mi ní Kàdúná kí n lè bá a wẹ ọmọ. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bímọ tí oorun fi dá lójú rẹ̀. Á máa rìn káàkiri yàrá lóru, á ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ náà ní ọsibítù, pé èyí kì í ṣe tòun. Ó kọ̀, kò fún un lọ́yàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jáde síta láìwọ bùbá. Àwọn ará àdúgbò dúró, wọ́n ń wò, ẹnì kan sì wí létí mi pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìtìjú ló mú mi. Kí àánú tó dé, ìtìjú ti dé.

Abísínwín ni. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà ṣàlàyé fún mi lọ́dún tó kọjá pé nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tó bímọ, ó ń ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, pé bí wọ́n bá tètè tọ́jú obìnrin náà, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò. Mo ń gbọ́ ọ lórí fóònù, mo ní "ẹn-ẹn," mo sì ní kí o dúró ná, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Kàdúná níbẹ̀. Mo mọ ọ̀nà rẹ̀. Pásítọ̀ wa pàápàá, onítẹ̀bọmi ni wá, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọsibítù kì í ṣe èèwọ̀ fún wa, ó ní kí n gbé e lọ síbẹ̀. Èmi ni mo ní pásítọ̀ kò ní ìgbàgbọ́ tó. Èmi ni mo rò pé bí wọ́n bá rí wa ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, a ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ní sí ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ wa. Ìwọ ni mo ń rò, ìwọ ọmọdé tó ń lọ sí praimárì nígbà náà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan lẹ́yìn ìlú.

Wòlíì náà ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, ààwẹ̀ ni yóò lé e jáde, kí a má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní kí a dè é kó má baà sá. Ó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá, irú èyí tí wọ́n fi ń de alùpùpù mọ́ òpó, àgádágodo kékeré kan wà lára rẹ̀. Àbúrò mi ń ta ẹsẹ̀. Wòlíì ní kí ẹnì kan bá òun di ẹsẹ̀ náà mú. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀, ọkùnrin wà níbẹ̀. Èmi ni mo di í mú. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná. Ó wò mí lójú, ó pe orúkọ tó ti ń pè mí láti kékeré, kò sì ta ẹsẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn.

O máa ń tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan o béèrè pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ Àǹtí fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ní ẹ̀gún ló gún un. O gbà mí gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àṣàkẹ́, èmi ni àgbà tó wà lọ́jà, orí ẹni mélòó ló wọ́ níbẹ̀? Ti àbúrò mi, ti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tó ń sunkún ọmú nílé, tìrẹ.

Ẹni tó yọ wá ni nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé nílé kejì, Mùsùlùmí, ará Zaria. Kò rí àbúrò mi mọ́, ó béèrè rẹ̀, mo parọ́, ó tún béèrè. Nígbà tí mo sọ òótọ́, kò bú mi, ó kàn ní ká lọ. Ó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti àbúrò mi, ó ń sọ pé "Sannu, sannu," ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Wọ́n gba àbúrò mi sí ọsibítù, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi béèrè ọmọ rẹ̀. Nígbà yẹn ọmọ ti mọ èmi ní ìyá. O mọ bí ìyókù ṣe lọ. Ó ń pe àwa méjèèjì ní Mọ́mì títí dòní, bó bá sì gba owó oṣù, a jọ ń gbà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. O jókòó síbẹ̀ lónìí, o ń ka ìwé tí wọ́n kọ àìsàn àbúrò mi sí, o rí i pé ó ní ìtọ́jú, pé ìtọ́jú náà kò jìnnà. O sì rántí ilé àdúrà yẹn, bí wòlíì ṣe ń pariwo "ní orúkọ Jésù" bí àgádágodo ṣe ń pa dé. Ọmọdé gbọ́ orúkọ yẹn àti ìró yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra lọ́kàn rẹ, pé nígbàkígbà tí o bá fẹ́ pe orúkọ náà, ìró náà lo ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí o fi dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́ léraléra bóyá o ṣì ń gbàdúrà. Bí o bá ti fi Ọlọ́run sílẹ̀, ìyá rẹ lo rí tí o fi sá.

Mú Bíbélì rẹ, ṣí Máàkù orí karùn-ún. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní orí yẹn, mo ti yà á sí pátákó, ọkùnrin ará Gádárà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀, òkun. N kò mọ̀ pé mo wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú ló fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè é. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Nígbà tí Jésù dé, ó bi í pé kí ni orúkọ rẹ. Nígbà tí àwọn ará ìlú padà wá, ọkùnrin náà jókòó, ó wọ aṣọ, iyè rẹ̀ sì ti bọ̀ sípò. Jésù kò fọwọ́ kan ìdè kankan nínú ìtàn yẹn. Bí o bá máa bínú, bínú sí àwa tí a jẹ́ ará ìlú. Bínú sí mi. Mo lè gbà á.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, Kàdúná, tí wọ́n ń pè ní ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ àti àtúnṣe, wọ́n tú ọmọdékùnrin àti àgbà ọkùnrin tó lé ní 300 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ìdè. Wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà ń sọ pé ẹ wo ohun tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ni mo ń wò, ibi tí irin ti jẹ ẹran ara rẹ̀. Mo bọ́ sí ilé ìdáná. Ó yẹ kí n sọ fún wọn pé Mùsùlùmí ló tú àbúrò mi sílẹ̀ níbi tí èmi Kristẹni dè é sí. N kò sọ ọ́. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Jẹ́ kí n bá ọ wí díẹ̀, nítorí mo ṣì jẹ́ ìyá rẹ. Ṣé o ń jẹun? Fọ́tò tí o fi síta lóṣù Kejì, egungun ọrùn rẹ ti yọ. O kì í sùn, mo mọ̀, nítorí mo máa ń rí i pé o wà lórí WhatsApp nígbà tó jẹ́ pé òru ni lọ́dọ̀ yín. O ti bá aláìsàn jókòó láti àárọ̀, o ti gbọ́ ẹkún gbogbo ayé, ta ló ń gbọ́ tìrẹ? Ìwọ lo sọ fún mi pé àwọn olùkọ́ yín ní kí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn ẹlòmíràn wá ẹni tí yóò máa gbọ́ tirẹ̀ náà. Wá ẹni náà. Bí owó ni kò sí, sọ fún wa, má tijú. Èlíjà ní kí ẹ̀mí òun lọ, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ní aginjù, Ọlọ́run kò wàásù fún un. Ó jẹ́ kó sùn, ó rán áńgẹ́lì kó jí i pé kó jẹun, ó tún jẹ́ kó sùn. Lọ jẹun, Àṣàkẹ́. Ra ìrẹsì, se é.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí a jà sí: o ní wọ́n kọ́ yín pé kí ẹ má fi ìgbàgbọ́ yín lé aláìsàn lórí, pé ẹ máa ń béèrè ohun tí ó gbàgbọ́ àti ohun tí ìgbàgbọ́ náà jẹ́ fún un, pé bó bá fẹ́ àdúrà, òun ni yóò sọ. Inú bí mi. Mo ní irú Kristẹni wo ló ń fi Jésù pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀? Mo ti ronú sí i. Wọ́n gbàdúrà lé àbúrò mi lórí tọ̀sán tòru, kò sí ẹnì kan tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́, kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ń rí lóru. Élì àlùfáà wà nílé Ọlọ́run, ó rí Hánà tí ètè rẹ̀ ń mì, ó ní ọtí ló mu. Àlùfáà ni o, ó sì ṣì í mọ̀. Hánà ló ní rárá, olúwa mi, obìnrin oníròbìnújẹ́ ọkàn ni mí. Inú mi dùn pé Élì gbọ́, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó súre fún un. Béèrè kí o tó sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo gba èyí fún ọ pátápátá, mo sì kó ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ yẹn jẹ.

N kò gbà fún ọ ní ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbà. Wá ìjọ kan. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ti Yorùbá, bí àwọn Yorùbá ibẹ̀ bá ń ṣòfófó, lọ síbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́, jókòó sẹ́yìn.

O sọ ìtàn Lambo fún mi nígbà kan, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, bó ṣe jẹ́ pé ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aro, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń padà sùn láàárín ènìyàn. Kí wọ́n tó bí mi ni. Mo ronú sí i títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹbí ni wọ́n fi ń ṣe ìtọ́jú níbẹ̀, èmi sì jẹ́ ẹbí. Ǹ bá ti jókòó tì í.

Nítorí rẹ, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé o rántí pé o sọ fún mi nípa Worthington, Kristẹni onísàíkọ́lọ́jì tó ń ṣe ìwádìí lórí ìdáríjì, tí wọ́n sì pa ìyá tirẹ̀ nílé ní ìparí ọdún 1995? O ní ó pín in sí méjì: ènìyàn lè pinnu láti dárí jini lónìí, kí ọkàn rẹ̀ má tíì tẹ̀ lé e, kí ìyẹn sì gba àkókò tirẹ̀. Nígbà tí o sọ ọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni.

Mo bá àbúrò mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí n dìde, mi ò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ tí mo dì mú, irọ́ tí mo pa fún ọ, ohun tí pásítọ̀ sọ tí n kò gbọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín. Ó ṣì ń dùn mí o. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń ti géètì, ó ń dùn mí." Ó wá béèrè bóyá n óò jẹ ẹ̀wà náà bó bá jinná. Mo jẹ ẹ́. N kò mọ bí a ṣe ń jẹ oúnjẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán. Ó ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, ohùn kejì, ó ṣì ń lọ gba oògùn rẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó máa gbà á. Mo bi í pé báwo ló ṣe lè máa kọrin. Ó ní Ọlọ́run tí òun bá pàdé lábẹ́ ìdè yẹn, òun kò rí i lẹ́nu wòlíì, òun ń bá a sọ̀rọ̀ ní tòun ni. Ó ní òru ló máa ń wá. N kò lóye rẹ̀ tán. Ìwọ tí o kàwé, ó ṣeé ṣe kí o lóye rẹ̀ jù mí lọ, tàbí kí ìwọ náà ní láti bi í.

Bàbá rẹ ní o fẹ́ kọ ìwé àṣekágbá rẹ lórí àwọn obìnrin abísínwín nílé wa àti ohun tí àwọn pásítọ̀ ń ṣe fún wọn. Ó ní o bẹ̀rù láti sọ fún mi. Kọ ọ́. Láti oṣù Kìíní 2023 tí Buhari ti bu ọwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò ti 1958, mo ń retí kí ẹnì kan nínú ìjọ dìde sọ nǹkan lórí pẹpẹ, n kò tíì gbọ́. Ọmọkùnrin kan ní ìjọ wa ń rí ìtọ́jú ní ọsibítù Karu báyìí, ìyá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ibà ni. Mo lọ kí ìyá náà lọ́sẹ̀ yìí, mo sọ ìtàn àbúrò mi fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dì í mú.

Má kọ orúkọ Àǹtí Kékeré sínú ìwé náà, ó ní òun kò fẹ́. Ó ní bí o bá fẹ́ bi òun ní ìbéèrè, kí o pe òun ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìdánrawò akọrin, ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa, àmọ́ kí o má ṣe é bí ẹni tó ń bi aláìsàn. Èmi ni kí o kọ sí i pé ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ló di ẹsẹ̀ mú. Bí wọ́n bá béèrè bí o ṣe mọ̀, sọ fún wọn pé ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ.

Kí o sì pè mí. Bí mo bá wà lọ́jà, n óò jáde síta kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Bí o kò bá tíì lè gbàdúrà, wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò ní pariwo, n kò ní pe pásítọ̀. N óò máa gbà á fún àwa méjèèjì ní ago márùn-ún ìdájí mi, bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí o ti wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Èmi ni ìyá rẹ